Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nọ́ńbà 2,147,483,647

A máa ń gba lẹ́tà púpọ̀ lórí ìṣirò, ṣùgbọ́n kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí àwọn òǹkàwé láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ béèrè nípa nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà náà ni 2,147,483,647, a sì ti ya ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún un lóṣù yìí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí pé nọ́ńbà práìmù ni odidi nọ́ńbà tí ó ju 1 lọ, tí kò sí odidi nọ́ńbà mìíràn tí ó lè pín in láìsí ìṣẹ́kù àyàfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Práìmù ni 2, 3, 5, 7 àti 11. Ṣùgbọ́n 9 kì í ṣe práìmù, nítorí pé 3 pín in. Nígbà tí mo bá sì kọ 2³¹, ohun tí mo ń wí ni pé kí a kọ 2 sílẹ̀ nígbà 31, kí a sì sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn. Nọ́ńbà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ení dín sí èyí: òun ni 2³¹ − 1.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń ṣe eré kan lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí owó inú eré náà dé 2,147,483,647, kò lọ sókè mọ́ rárá. Olùkọ́ ìṣirò wa sọ pé práìmù ni nọ́ńbà náà. Ṣé torí pé ó jẹ́ práìmù ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fi yàn án? (Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ, práìmù ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí owó rẹ fi dúró nìyẹn.

Nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù, òdo àti ení nìkan ni a fi ń kọ gbogbo nọ́ńbà. Àyè kọ̀ọ̀kan tí òdo tàbí ení lè jókòó sí ni à ń pè ní bíìtì. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ Ifá rí yóò tètè lóye bí iye wọn ṣe ń pọ̀ sí i: ìlàjì èso mẹ́jọ ni ó wà lórí ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí ojú sókè tàbí kí ó da ojú dé, nítorí náà ọ̀nà tí gbogbo wọn lè gbà hàn papọ̀ jẹ́ 2⁸, èyí tí í ṣe 256, iye gbogbo odù. (Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé, ohun tí mo ń wí ni pé nǹkan mẹ́jọ tí ó ní ojú méjì méjì kò lè hàn lọ́nà tí ó ju 256 lọ, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ babaláwo tàbí nínú ẹ̀rọ.) Bí ó bá wá jẹ́ bíìtì 31 ni a ní, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà hàn yóò jẹ́ 2³¹, ìyẹn 2,147,483,648. Òdo gba ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyí, nítorí náà nọ́ńbà tí ó tóbi jù lọ tí a lè kọ ni 2,147,483,647, nígbà tí gbogbo àyè 31 náà bá kún fún ení.

Ìdí tí ó fi jẹ́ 31 ni pé ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ya bíìtì 32 sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà kan, wọ́n sì fi bíìtì kan nínú rẹ̀ sàmì bóyá nọ́ńbà náà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ òdo. Ẹni tí ó ṣe eré rẹ ṣe é dáadáa tí ó fi jẹ́ kí owó náà dúró. Nínú àwọn ètò mìíràn, bí a bá fi ení kún 2,147,483,647, nọ́ńbà náà á yí padà di −2,147,483,648 lójijì, olówó á sì di onígbèsè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, YouTube kéde pé fídíò orin kan láti Kòríà ti fẹ́ kọjá iye yìí, àti pé àwọn ti sún ònkà àwọn tí ń wò ó lọ sí bíìtì 64. Èyí tí ó kàn wá jù ṣì ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, èyí tí ó sì ń fi bíìtì 32 kà á nínú wọn yóò kún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19 oṣù Kíní ọdún 2038. Ní Nàìjíríà, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú-àáyá méje ní òwúrọ̀ ni yóò jẹ́. Ẹ̀rọ tí a kò bá tíì tún ṣe nígbà náà yóò rò pé ọdún 1901 ni òun wà.

Nínú gbogbo èyí, práìmù kò kópa kankan. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ nọ́ńbà yìí kì í ṣe práìmù. Èyí tí ó wà fún bíìtì 16 ni 32,767, tí í ṣe 7 × 31 × 151. Èyí tí ó wà fún bíìtì 64 ni 9,223,372,036,854,775,807, ó sì ṣeé fi 7 pín láìsí ìṣẹ́kù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí ti 2,147,483,647. Nítorí náà, bí ó ṣe kángun sí 2³¹ ni ó gbé e dé inú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ. Jíjẹ́ tí ó jẹ́ práìmù jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, òun ni àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀lé èyí dá lé.

Ìbéèrè: Mo kà pé Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò nì, ni ó fi hàn ní ọdún 1772 pé nọ́ńbà yìí jẹ́ práìmù. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Báwo ni ẹnì kan ṣe lè mọ̀ pé kò sí ohunkóhun tí ó pín nọ́ńbà tí ó ju bílíọ̀nù méjì lọ? Ṣé ó gbìyànjú gbogbo wọn ni? (Olùkọ́ ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Nínú lẹ́tà tí ó wọlé, èyí ni ó wù mí jù láti dáhùn, nítorí náà kí ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹni tí kò mọ ọgbọ́n kankan yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà méjì bá wà tí a sọ di púpọ̀ tí ó fún wa ní 2,147,483,647, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kéré ju 46,341 lọ, nítorí pé 46,341 tí a fi òun fúnra rẹ̀ sọ di púpọ̀ ti kọjá nọ́ńbà wa. Nítorí náà kò sí ìdí láti wá kọjá 46,340. Bákan náà, àwọn práìmù nìkan ni ó yẹ kí a fi dán an wò, nítorí pé bí 15 bá pín nọ́ńbà kan, 3 ti kọ́kọ́ pín in. Iye práìmù tí ó wà lábẹ́ 46,340 lé ní 4,700. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ṣe ìpín tí ó lé ní 4,700 pẹ̀lú ọwọ́, ṣùgbọ́n ojú Euler kò ríran dáadáa mọ́ ní ọdún 1772, ìlú St. Petersburg ni ó wà, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọgbọ́n ni ó lò.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí Pierre de Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti rí ní ọdún 1640. Bí n bá jẹ́ práìmù tí ó ju 2 lọ, nọ́ńbà práìmù èyíkéyìí tí ó bá lè pín 2ⁿ − 1 gbọ́dọ̀ fi 1 ju ìlọ́po 2n lọ. Ẹ wo 2¹¹ − 1, tí í ṣe 2,047. Kì í ṣe práìmù, nítorí pé 23 × 89 ni. 23 jẹ́ 22 àti 1. 89 jẹ́ 22 lọ́nà mẹ́rin àti 1. Kò lè jẹ́ bí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti tiwa, n jẹ́ 31, nítorí náà práìmù èyíkéyìí tí yóò pín 2,147,483,647 gbọ́dọ̀ fi 1 ju ìlọ́po 62 lọ.

Ọgbọ́n kejì ni ti Euler gan-an. Bí práìmù p bá pín 2³¹ − 1, a jẹ́ pé 2³¹ ṣẹ́ku 1 nígbà tí a bá fi p pín in. Bí a bá wá tún fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó rí i pé 2³² ṣẹ́ku 2. Ṣùgbọ́n 2³² ni 2¹⁶ tí a fi òun fúnra rẹ̀ sọ di púpọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé, lójú p, nọ́ńbà kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, 2 ni yóò ṣẹ́ kù. Kì í ṣe gbogbo práìmù ni irú èyí ti lè ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tí ó ṣẹ́ku 1 tàbí 7 nígbà tí a bá fi 8 pín wọn nìkan ni. Bí a bá so òfin méjèèjì pọ̀, oríṣi nọ́ńbà méjì péré ni ó ṣẹ́ kù: èyí tí ó fi 1 ju ìlọ́po 248 lọ, àti èyí tí ó fi 63 ju ìlọ́po 248 lọ.

Ẹ ka àwọn nọ́ńbà oríṣi méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé 46,340. Wọn kò tó 380, púpọ̀ nínú wọn ni kì í sì í ṣe práìmù. 63 kì í ṣe práìmù, 249 kì í ṣe práìmù. 311 ni àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ práìmù, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ ó rìn títí dé 1,303 kí ẹ tó rí òmíràn. Bí a bá fi 311 pín 2,147,483,647, 35 ni yóò ṣẹ́ kù. Bẹ́ẹ̀ ni Euler ṣe dán wọn wò lọ títí wọ́n fi tán, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìṣẹ́kù. Nọ́ńbà náà jẹ́ práìmù, òun ni ó sì tóbi jù lọ tí a mọ̀ láyé fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín pé kíkéde yàtọ̀ sí ẹ̀rí. Láti ọdún 1588 ni Pietro Cataldi, ará Ítálì, ti kéde pé 2ⁿ − 1 jẹ́ práìmù bí n bá jẹ́ 23, 29, 31 tàbí 37. 31 nìkan ni ó gbà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fún 29, Euler fúnra rẹ̀ ni ó tú u palẹ̀: 536,870,911 jẹ́ 233 × 1,103 × 2,089. Marin Mersenne, fadá ilẹ̀ Faransé tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo práìmù irú yìí, gbé àkójọ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1644. Ó fi 67 àti 257 sí i, wọn kò sì yẹ níbẹ̀, ó tún fo 61, 89 àti 107. Ọdún 1903 ni Frank Nelson Cole tó fi han gbogbo ayé pé 2⁶⁷ − 1 jẹ́ 193,707,721 × 761,838,257,287. Orúkọ ńlá kò pín nọ́ńbà.

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe máa ka nọ́ńbà yìí jáde ní Yorùbá pọ́ńbélé? (Ìyá àgbà kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Pọ́ńbélé kò ní ṣeé ṣe tán, mà, nítorí pé mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù ni a ti ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n a lè kà á báyìí: bílíọ̀nù méjì, mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́jọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé mẹ́tàlélọ́gọ́rin, àti ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ìbéèrè: Mo jẹ́ akáǹtì tó ti fẹ̀yìn tì. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ o, ṣùgbọ́n kí ni ànfààní mímọ̀ pé nọ́ńbà kan jẹ́ práìmù? Ta ni yóò fi ra iyọ̀? (Òǹkàwé, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ní ọdún 1811, Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ohun kan tí ó ti ara nọ́ńbà wa jáde. Ohun náà ni nọ́ńbà pípé, ìyẹn nọ́ńbà tí ó dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ gbogbo ohun tí ó lè pín in yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀. 6 jẹ́ nọ́ńbà pípé, nítorí pé 1 + 2 + 3 jẹ́ 6. 28 náà jẹ́ ọ̀kan. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì, ti fi hàn láyé àtijọ́ pé bí 2ⁿ − 1 bá jẹ́ práìmù, tí a sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 2ⁿ⁻¹, nọ́ńbà pípé ni yóò jáde. Nítorí náà práìmù ti Euler fún wa ní 2,305,843,008,139,952,128, òun sì ni nọ́ńbà pípé kẹjọ. Ohun tí Barlow kọ ni pé èyí ni yóò tóbi jù lọ nínú irú rẹ̀ tí a ó rí láéláé, nítorí pé wọn kò wúlò fún ohunkóhun ju ká máa wò wọ́n lọ, kò sì dájú pé ẹnikẹ́ni yóò tún gbìyànjú láti wá òmíràn.

Wọ́n ti rí òmíràn kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn dá yín lóhùn, nítorí pé ànfààní ni ẹ béèrè.

Ẹ rò ó wò pé a fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa mú nọ́ńbà jáde bí ẹni tí ń fa tíkẹ́ẹ̀tì nínú àpò, láìsí pé ènìyàn lè tètè rí ètò kan nínú wọn. Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ojú ọjọ́, ọkọ̀ ojú pópó tàbí ìtànkálẹ̀ àrùn nílò irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀nà kan tí Derrick Lehmer mú wá ní nǹkan bí ọdún 1950 ni pé kí a mú nọ́ńbà kan, kí a sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí a ti yàn, kí a fi práìmù wa pín in, kí a sì mú ìṣẹ́kù rẹ̀. Ìṣẹ́kù náà ni nọ́ńbà tí ó kàn, a ó sì tún fi òun náà ṣe bákan náà. Ní ọdún 1988, Stephen Park àti Keith Miller dábàá pé kí a fi 16,807, tí í ṣe 7⁵, ṣe nọ́ńbà tí a yàn, pẹ̀lú 2,147,483,647 fún pínpín. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, ohun tí yóò jáde ni 16,807, lẹ́yìn náà 282,475,249, lẹ́yìn náà 1,622,650,073. Bí ó ti ń lọ nìyẹn, yóò sì bẹ gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2,147,483,646 wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tó padà sí 1. Kò ní fo ọ̀kan, kò sì ní pààrà ọ̀kan.

Nǹkan méjì ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe. Èkíní ni pé nọ́ńbà náà jẹ́ práìmù. Ká ní nọ́ńbà mìíràn wà tí ó lè pín in ni, kò sí nọ́ńbà tí a lè yàn tí yóò rin gbogbo ọ̀nà náà tán. Èkejì ni pé 7 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí ó jẹ́ pé, bí a bá ń fi ara wọn sọ wọ́n di púpọ̀ léraléra, ìṣẹ́kù wọn ń kárí gbogbo àyè lójú práìmù yìí, àti pé 5, tí a fi gbé 7 ga, kò lè pín 2,147,483,646, èyí tí í ṣe 2 × 3² × 7 × 11 × 31 × 151 × 331. Yàtọ̀ sí ti eré orí fóònù tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, níhìn-ín ni jíjẹ́ práìmù ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí nọ́ńbà náà sì ṣe kángun sí 2³¹ tún ran kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, nítorí pé 2³¹ ṣẹ́ku 1 péré nígbà tí a bá fi práìmù wa pín in. Ẹ̀rọ náà kò nílò láti pín ohunkóhun, yóò kàn gé nọ́ńbà ńlá náà sí ọ̀nà méjì, yóò sì ro wọ́n pọ̀.

Kí ẹ má ṣe fi ọ̀nà yìí pa àṣírí mọ́ o. Ẹni tí ó bá rí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú wọn lè mọ gbogbo èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìlànà RSA, tí Ron Rivest, Adi Shamir àti Leonard Adleman gbé kalẹ̀ ní ọdún 1977, tí a ń lò láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ tí ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń lo práìmù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní díjíìtì tí ó lé ní 300, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Práìmù ti Mersenne kò wúlò fún ìyẹn, nítorí pé gbogbo ayé ni ó mọ̀ wọ́n. Síbẹ̀, àwọn ìlànà ààbò mìíràn wà tí kò sí ewu níbẹ̀ bí práìmù náà bá hàn sí gbogbo ènìyàn; 2⁵²¹ − 1 wà lẹ́nu iṣẹ́ irú bẹ́ẹ̀ lónìí. Nítorí náà, sà, ó ti ń bá yín ṣọ́ iyọ̀ náà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi sọ fún mi pé ní 2024 wọ́n rí práìmù kan tó ní díjíìtì tó ju mílíọ̀nù 40 lọ. Ṣé práìmù ní òpin? Ṣé ó sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà ti Euler? (Òǹkàwé, Peckham, London)

Ìdáhùn: Wọn kò ní òpin. Euclid ti fi èyí hàn ní ohun tí ó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn: ẹ sọ gbogbo práìmù tí ẹ mọ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, kí ẹ sì fi 1 kún un, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò lè pín èyí tí ó jáde láìṣẹ́ku 1, nítorí náà práìmù mìíràn gbọ́dọ̀ wà tí ẹ kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n bóyá àwọn ti Mersenne, ìyẹn irú 2ⁿ − 1, ní òpin tàbí wọn kò ní, kò sí ẹni tí ó tíì rí ẹ̀rí rẹ̀ láyé.

Èyí tí ọmọ yín sọ ni 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, tí a kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Díjíìtì 41,024,320 ni ó ní. Bí a bá tẹ 3,000 díjíìtì sí ojú ewé kan, yóò gba ojú ewé tí ó lé ní 13,600. Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí i pẹ̀lú ẹgbẹ́ GIMPS, ẹgbẹ́ tí ń wá práìmù Mersenne, tí George Woltman dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, tí ẹnikẹ́ni sì lè fi kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ kún. Ó háyà àwọn káàdì tí a fi ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè 17. Èyí tí ó kọ́kọ́ tà á lólobó wà ní Dublin, òmíràn ní San Antonio sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òun ni ìkejìléláàádọ́ta nínú práìmù Mersenne tí a mọ̀. Ti Euler ni ìkẹjọ. Bí wọ́n ṣe jọ jẹ́ mọ̀lẹ́bí nìyẹn.

Nọ́ńbà ti Euler tún ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú mọ̀lẹ́bí yìí kò ní. 31 tí ó wà lórí 2 jẹ́ práìmù Mersenne fúnra rẹ̀, nítorí pé 2⁵ − 1 ni. Irú rẹ̀ mẹ́rin péré ni a mọ̀: 7, 127, 2,147,483,647, àti 2¹²⁷ − 1 tí Édouard Lucas fi hàn ní ọdún 1876. Èyí mú kí àwọn ènìyàn béèrè bóyá 2 tí a gbé ga dé 2,147,483,647, tí a sì yọ 1 kúrò lára rẹ̀, lè jẹ́ práìmù pẹ̀lú. Nọ́ńbà náà ní díjíìtì tí ó lé ní mílíọ̀nù 646. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ práìmù: 295,257,526,626,031 pín in láìsí ìṣẹ́kù, ẹ sì lè rí i pé nọ́ńbà yìí tẹ̀lé òfin Fermat, nítorí pé ó fi 1 ju ìlọ́po 4,294,967,294 lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀nà kan wà tí èmi náà lè fi dán irú nọ́ńbà yìí wò pẹ̀lú bírò àti ìwé, láìfi nọ́ńbà kankan pín in lẹ́yọ lẹ́yọ? (Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ó wà, òun ni wọ́n sì lò ní San Antonio. Lucas ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Lehmer tí mo dárúkọ lókè sì tún un ṣe. Fún 2ⁿ − 1, tí n jẹ́ práìmù tí ó ju 2 lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ 2 kúrò, ẹ fi 2ⁿ − 1 pín in, kí ẹ sì mú ìṣẹ́kù. Ẹ tún ṣe bákan náà sí ìṣẹ́kù náà, títí yóò fi pé ìgbà n − 2. Bí òdo bá jáde ní ìgbẹ̀yìn, práìmù ni. Bí kò bá jẹ́ òdo, kì í ṣe práìmù.

Fún 127, tí í ṣe 2⁷ − 1, ẹ ó ṣe é nígbà márùn-ún: láti 4, ẹ ó rí 14, lẹ́yìn náà 67, 42, 111, àti 0. Práìmù ni. Fún 2,147,483,647, ìgbà 29 ni, ó sì lè gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ kan bí ẹ kò bá lo ẹ̀rọ ìṣirò. Kí ẹ tó dán ìyẹn wò, ẹ kọ́kọ́ fi 2,047, tí í ṣe 2¹¹ − 1, dá ọwọ́ yín lójú. Ìgbà mẹ́sàn-án ni: láti 4, ẹ ó rí 14, 194, 788, 701, 119, 1,877, 240, 282, àti 1,736. Kò jẹ́ òdo, nítorí náà 2,047 kì í ṣe práìmù. Ẹ sì kíyè sí i pé ìdánwò náà kò dárúkọ 23 tàbí 89 rárá.